Ìṣirò Ooru Ilé Ayé: Ìdí Tí Oṣù Kejì Fi Ń Mú Wa Làágùn Ju Oṣù Kẹsàn-án Lọ

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń kan àtàrí gan-an ní Ìwàrè àti ní gbogbo agbègbè Afijio: ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Bí a bá ri igi mọ́lẹ̀ ní àkókò wọ̀nyí, òjìji rẹ̀ yóò ká jọ sí ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bí oòrùn ti dúró sí nìkan ni ó ń pinnu ooru, oṣù Kẹsàn-án ìbá máa jó wa bí iná. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí rí mọ̀ pé nígbà tí a bá wọlé fún sáà tuntun nínú oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ a máa tutù, koríko a sì ti bo pápá ìṣeré tí àwọn ọmọ yóò fi àdá gé. Oṣù Kejì, nígbà tí oòrùn ṣì fì sí apá gúúsù, ni òógùn ń kán sórí ìwé, tí àwọn àgbà sì ń gbé ẹní jáde sí ìta lálẹ́. Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ nínú ìwé àjọ̀dún wa, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò mọ sí Ìwàrè nìkan.

Ìyá tí ó ń tajà kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ̀ pé iye tí ó wọlé nìkan kọ́ ni èrè. A ní láti wo iye tí ó jáde, àti ohun tí a ná an lé lórí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ooru ayé rí. Ọ̀dọ̀ oòrùn ni ó ti ń wọlé, kò sì sí ibòmíràn tí ó tó nǹkan. Lókè sánmà lọ́hùn-ún, mítà kan níbùú lóròó tí ó kọjú sí oòrùn ń gba nǹkan bí 1,361 wáàtì. Ṣùgbọ́n ayé rí roboto, ìdajì rẹ̀ sì máa ń wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí a bá pín in kárí, nǹkan bí 340 wáàtì ni ó kan mítà kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí, ìkùukùu, iyanrìn aṣálẹ̀ àti yìnyín ń dá nǹkan bí 100 padà sí òfuurufú láì lò ó rárá. 240 tí ó kù, tí í ṣe agbára gílóòbù oní-60 wáàtì mẹ́rin, ni ilẹ̀, òkun àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ohun tí ayé bá gbà, ó gbọ́dọ̀ dá a padà; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa gbóná sí i ni. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí ni ó fi ń dá a padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kíláàsì tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní aago méje alẹ́. Kò ní fọwọ́ kàn án tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ pé ògiri náà ń tú ooru ọ̀sán jáde. Bí ìtànṣán yìí bá ń lọ tààrà sí òfuurufú láìsí ìdíwọ́, ìwọ̀n ooru ayé ìbá jẹ́ nǹkan bí 18 Celsius nísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 15 lókè òdo ni ó jẹ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, carbon dioxide tí à ń mí jáde, àti àwọn mìíràn bíi wọn ni ó dà bí aṣọ ìbora: wọ́n ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbá ooru tí ó ń jáde mú, wọ́n sì ń dá apá kan rẹ̀ padà sí ilẹ̀.

Àwa tí a mọ ọ̀yẹ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti rí iṣẹ́ aṣọ ìbora yìí. Nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, atẹ́gùn a máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, gbígbẹ ni, ó sì ń ru eruku wá, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ètè a là, ẹsẹ̀ a funfun. Lọ́sàn-án, oòrùn a mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ọ̀rinrin púpọ̀ tí yóò di ooru náà mú, a sì máa sá lọ sókè ní gbogbo òru. Ìdí nìyí tí ọmọ ilé-ìwé fi ń wọ súwẹ́tà lọ sí ìsìn òwúrọ̀, tí yóò sì bọ́ ọ kí aago mọ́kànlá tó lù. Ní oṣù Keje, òru àti ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ọ̀yẹ́ ló gbé òtútù wá. Lójú tèmi, ìdajì òtítọ́ ni. Ọ̀yẹ́ tún ká aṣọ kúrò lára wa.

Ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ń kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn. A ti sọ̀rọ̀ ìtànṣán. Èkejì ni ìfarakanra, bí ṣíbí irin tí a gbàgbé sínú ọbẹ̀ gbígbóná ṣe ń jó ọwọ́. Ẹ̀kẹta ni kí ohun tí ó gbóná fúnra rẹ̀ gbéra, bí omi ṣe ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ olójò bíi tiwa, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ kí ilé-ìwé tó dé, èyíinì ni àmù. Omi àmù ń tutù nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni omi ń là kọjá lára amọ̀, tí ó ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń gba ooru lọ́wọ́ èyí tí ó kù. Ooru tí ó ń ná kì í ṣe kékeré. Láti mú gíráàmù omi kan kúrò ní òdo dé 100 Celsius, nǹkan bí 420 joule ni a ó ná. Láti sọ gíráàmù kan náà di ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́, yóò gba nǹkan bí 2,400.

Ìdáhùn ìbéèrè wa ti dé. Ní oṣù Kẹsàn-án, àmù ńlá kan ni ilẹ̀ Ìwàrè. Òjò ti rin ín gbingbin. Ewé àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti igi gbogbo ń mí omi jáde. Ìkùukùu ti dá apá kan ìtànṣán padà. Èyí tí ó sì wọlé, orí omi tí ó ń gbẹ ni a ná púpọ̀ rẹ̀ sí, kò kù púpọ̀ tí yóò mú afẹ́fẹ́ gbóná. Ní oṣù Kejì, ilẹ̀ ti gbẹ, ewé ti wọ́. Kò sí omi tí a ó ná ooru lé lórí, nítorí náà ilẹ̀ àti òrùlé ni ó ń gbà á. Ohun kan tún wà tí ó mú òpin oṣù Kejì àti oṣù Kẹta nira ju oṣù Kìn-ín-ní lọ: atẹ́gùn ọlọ́rinrin ti ń padà bọ̀ láti òkun, aṣọ ìbora ti padà sára wa, òjò tí yóò rin ilẹ̀ kò sì tíì dé. Ooru wọlé lọ́sàn-án, kò rọ́nà jáde lóru.

Ooru tí omi bá gbé lọ kò ṣègbé. Nígbà tí ọ̀rinrin bá dé òkè tí ó di ìkùukùu, yóò tú ooru náà sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni ó ń fún ìjì oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ní agbára tí ó fi ń ṣí páànù. Bákan náà, nítorí pé ilẹ̀ ń tètè gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ a máa gòkè, atẹ́gùn òkun a sì wọlé láti dí àyè rẹ̀, tòun ti òjò. Ẹni tí ó bá ka orí kìn-ín-ní Ìwé Oníwàásù yóò rí i pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ń yí po àti odò tí ń ṣàn lọ sí òkun kì í ṣe tuntun. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etí ilẹ̀ Ghana àti Côte d'Ivoire. Afẹ́fẹ́ orí omi tútù kì í fẹ́ gòkè, òjò a sì dáwọ́ dúró díẹ̀. Ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń ká àgbàdo àkọ́kọ́, etí òkun ọ̀nà jíjìn yẹn ni apá kan ìdí rẹ̀ ti wá.

Ohun tí ó yẹ kí ó kan àwa òbí ni pé ìṣirò náà kò bára mu mọ́. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí jó èédú àti epo, nínú mílíọ̀nù kan ẹ̀yà afẹ́fẹ́, nǹkan bí 280 ni carbon dioxide. Lónìí, ó ti kọjá 420. Aṣọ ìbora ti nípọn sí i. Ayé ń pa nǹkan bí wáàtì kan mọ́ lórí mítà kọ̀ọ̀kan ju iye tí ó ń dá padà lọ. Ẹnìkan lè fi wáàtì kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé lórí gbogbo òkun àti ilẹ̀ ni, tọ̀sán-tòru. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni òkun ń gbé mì, òkun kan náà tí ó ń fún wa ní òjò.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ń parí ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n ní láti máa dá eré dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi, ooru ọlọ́rinrin bo gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ World Weather Attribution ṣe ìṣirò pé bí ó ṣe rí lára ènìyàn tó nǹkan bí 50 Celsius, àti pé ohun tí ọmọ ènìyàn ti ṣe sí ojú ọjọ́ ti mú kí irú rẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí tí ọ̀rinrin fi ń mú ooru léwu hàn gbangba: òógùn ni àmù ara wa, bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, òógùn kò ní gbẹ.

Èyí mú mi dé orí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn baba wa fi amọ̀ nínípọn mọ ògiri, wọ́n sì fi koríko bẹẹrẹ bo ilé, koríko kan náà tí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ máa ń rù lọ sí ààfin Aláàfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ láyé àtijọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín koríko kì í jẹ́ kí ooru yára kọjá. Ìbẹ̀rù iná wà lára ohun tí ó mú wa sá lọ bá páànù, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n páànù tí ó ti dípẹtà ń gba oòrùn mu, yóò sì máa tú u sórí àwọn ọmọ tí ó jókòó lábẹ́ rẹ̀, bí ògiri ìrọ̀lẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ a máa fẹ́ fi fáànù ṣe ẹ̀bùn àjọ̀dún. Fáànù dára, bí iná bá wà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni yóò sì máa fẹ́ kiri. Èmi ìbá kọ́kọ́ fi àjà sí kíláàsì, kí n sì kun páànù ní ọ̀dà funfun tí yóò dá púpọ̀ nínú ìtànṣán padà. Lẹ́yìn náà ni n ó gbin igi sí apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn aago mẹ́ta ti ń wọlé. Iṣẹ́ méjì ni igi ń ṣe: ó ń ṣíji bo ògiri, ó sì ń ná ooru lórí omi tí ewé rẹ̀ ń mí jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má kàn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán. Kí àwọn ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru kan kọ́ sí kíláàsì tí ó ní àjà, kí wọ́n gbé èkejì kọ́ sí èyí tí kò ní, ní gíga kan náà, níbi tí oòrùn kò ti lè tàn sí wọn lára. Kí wọ́n máa ka méjèèjì ní aago méjì ọ̀sán láti oṣù Kìn-ín-ní títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí a ó tọ́jú. Ìwé náà ni kí a kọ́kọ́ béèrè fún nígbà tí sẹ́ẹ̀tì tí ó kàn bá fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ.