Àròkọ Lórí Ìtàn Ìgbésí-Ayé: Samuel Àjàyí Crowther

Akẹ́kọ̀ọ́, bí ìbéèrè bá ní kí o kọ ìtàn ẹni tí o bọ̀wọ̀ fún, má ṣe to oyè rẹ̀ jọ lásán. Sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí o sì sọ ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà. Wo àpẹẹrẹ yìí:

Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, ìlú kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Wọ́n fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú. Ní 1822, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé.

Yorùbá ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Àjàyí kò sá. Ní 1837 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú. Ní 1846 ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1851 ó sọ̀rọ̀ òwò ẹrú níwájú Ọbabìnrin Victoria.

Ṣé o rí i? A kò tíì dárúkọ oyè Bíṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ ní 1864, síbẹ̀ òǹkàwé ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́.