Orí Kẹfà: Ọ̀nà Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Gbà Dé Ọpọlọ

Ẹ rọra fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn yín, lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ohun tó ń sọ kùlù-kùlù níbẹ̀ ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Èkejì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, méjì tó kéré sí wọn sì gba ẹ̀yìn ọrùn gòkè.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti sìgá a máa jẹ́ kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ inú iṣan ọrùn, títí yóò fi há tàbí kó dí pátápátá. Síbẹ̀, iṣan ẹlòmíràn dí tí kò mọ̀. Ó ń ná ọjà ní Ìkirun, ó ń roko ní Òkukù, kò sóhun tó ń ṣe é. Bí tírélà bá dá ọ̀nà dí láàrin Ìkirun àti Ìnísà, ṣebí àwọn awakọ̀ a máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbà? Ẹ̀jẹ̀ náà ní tirẹ̀. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn iṣan náà so kọ́ra wọn yípo. Thomas Willis, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1664. Àmọ́ ìyípo yìí kì í pé lára gbogbo ènìyàn. Ẹni tí tirẹ̀ kò pé, tí iṣan ọrùn rẹ̀ sì dí, rọpárọsẹ̀ kò jìnnà sí i.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ ẹni tí ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ là? Tẹ́lẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tì bọ inú iṣan. Ní 1982, Rune Aaslid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè gbé ẹ̀rọ kékeré lé ẹ̀bátí, níbi tí egungun ti fẹ́lẹ́. Ìró tí etí kò lè gbọ́ á wọlé lọ bá ẹ̀jẹ̀, á sì padà wá sọ bó ṣe ń sáré àti ibi tó kọjú sí. Ẹ̀rọ MRI tún lè sàmì sí omi inú ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn, kó wá ya àwòrán ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà dé nínú ọpọlọ. Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Ariwo rẹ̀ nìkan ló ń súni.

MRI wọ́n, kò sì wọ́pọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nítòsí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ. Bí ojú kan bá ṣàdéédé ṣú, tí ẹnu wọ́, tàbí tí apá kan rọ, bó tilẹ̀ padà bọ̀ sípò láìpẹ́, àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. UNIOSUN Teaching Hospital wà ní Òṣogbo, ọ̀nà kan náà ló sì gba Òkukù, Ìnísà àti Ìkirun lọ síbẹ̀.