Gbé Fóònù Sún Mọ́ Pẹpẹ Ìwé: Bí NFC Ṣe Lè Polówó Ohun Tó Wà ní Ilé Ìkàwé



Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ másítà mi, ó ku díẹ̀ kí n fi owó oúnjẹ ra àpilẹ̀kọ ìwádìí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí mo ráhùn fún màmá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé wa ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ yìí, a ti sanwó ìyẹn fún gbogbo yín!" Kọ̀ǹpútà tí mo lè fi kà á lọ́fẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ yẹn ni NFC sọ sí mi lọ́kàn. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó gbé káàdì báńkì sún mọ́ ẹ̀rọ POS, tó sì sanwó láì ti káàdì bọ inú rẹ̀? NFC náà nìyẹn. Táàgì rẹ̀ dà bíi sítíkà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká bí òṣùká ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣíìpù tí kò tó hóró ìrẹsì. Kò ní bátìrì rárá.

Báwo ló ṣe wá ń ṣiṣẹ́? Agbára òòfà ń jáde lára fóònù ní 13.56 MHz, ìyẹn ni pé ó ń yí padà ní ìgbà tó ju mílíọ̀nù 13 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá kan wáyà táàgì, ó ń ru iná mànàmáná díẹ̀ sókè nínú rẹ̀. Michael Faraday ló ṣàwárí ìlànà yìí ní 1831. Iná yẹn ni ṣíìpù fi ń ṣiṣẹ́, tó fi ń sọ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ fún fóònù. Ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn o, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.

Táàgì NTAG213 tó wọ́pọ̀ ń gba báìtì 144 péré. Odindi ìwé ò lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ojúùwé kan wọ̀ ọ́ dáadáa. Nítorí náà, tiwa tó wà níbi pẹpẹ Kẹ́mísírì ń ṣí àkójọ àpilẹ̀kọ tí ilé ìkàwé ti sanwó fún. Ti ẹnu ọ̀nà yàrá ìjíròrò ń jẹ́ kí èèyàn gba àyè sílẹ̀.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́: mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹpẹ onírin. Fóònù ò gbọ́ nǹkan kan! Agbára òòfà ń ru iná sókè nínú irin náà pẹ̀lú, iná yẹn sì ń ta ko agbára ọ̀hún. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tàbí ike, tàbí kí ẹ ra èyí tó ní ferrite lẹ́yìn.

Tí ẹ bá kọ̀wé sínú táàgì tán, ẹ tì í pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníjìbìtì lè fi fóònù tirẹ̀ kọ àdírẹ́sì mìíràn sínú rẹ̀. Ẹ tẹ QR sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní NFC. Kí ojúùwé náà sì ṣí lórí Wi-Fi ilé ìkàwé, kó má baà jẹ dátà èèyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọmọ ọdún kìíní kan tó gbé fóònù sún mọ́ táàgì Kẹ́mísírì. Ó wo ojú fóònù, ó fa àga, ó sì jókòó tì í. Kò san kọ́bọ̀.