Ọtí Inú Àgbo, Ọtí Náà Ni

Tí ìyá alágbo bá bi aboyún pé, "Ṣé olómi lẹ fẹ́ ni àbí ọlọ́tí?", aboyún tí kì í tọ́ bíà wò á ní kó bu ọlọ́tí fún òun, torí wọ́n ní òun ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o: ògógóró tí wọ́n rẹ egbò sí kò torí bẹ́ẹ̀ di oògùn. Ọtí náà ni. Ẹmu, bíà, paraga, bìtà, ọtí inú ọ̀rá, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Bí aboyún bá ti gbé ọtí mì, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bọ́ sí, á sì gba ìwọ́ dé ara ọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ọmọ ṣì ń di mímọ lọ́wọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń ṣí kiri, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fìdí kalẹ̀ sí, wọ́n sì ń na fọ́nrán síra wọn. Purotéènì kan wà lára wọn tí ń mú wọn lẹ̀ mọ́ra bí àtè. L1CAM ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní 1996, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn nínú yàrá àyẹ̀wò pé ọtí kì í jẹ́ kí àtè yìí mú dáadáa, kódà kí ọtí náà má ju ìwọ̀n tí ife kan lè kó sínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n bí àbùkù L1CAM mọ́. Omi lè kún inú ọpọlọ wọn, ẹsẹ̀ wọn lè le gan-an, àtàǹpàkò wọn lè ká sínú àtẹ́lẹwọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọtí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ bí iṣẹ́ àtè náà ti ṣe pàtàkì tó.

Ọ̀nà tí ọtí ń gbà ṣe ọlẹ̀ léṣe ju ẹyọ kan lọ. Láti 1973 ni àwọn dókítà ní Seattle ti fún àìsàn tó ń fi sára ọmọ lórúkọ: ọmọ á kéré, ojú rẹ̀ á yàtọ̀, ìwé kì í tètè yé e. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn, kò sì sí ìwọ̀n ọtí tàbí oṣù oyún kan tí a lè sọ pé kò léwu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá oyún, ẹ jáwọ́ báyìí. Ẹni tó ti mu ún kó tó mọ̀ pé oyún ti dé, kó má bara jẹ́. Kó dáwọ́ dúró lónìí, kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá rí ọtí mu, kó má dá jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ. Àgbo olómi pàápàá, ẹ fi lọ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó mu ún.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin alágbo, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti inú ikùn náà, orí ọmọ ni. A ò tíì rí i ni.