Bí A Ṣe Ń Yan Ibùdó Ìgbafẹ́ Létí Òkun

Ẹni tí ó wá bá ẹbí rẹ̀ ṣe ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbáà jẹ́ ní Òkè-Sópẹ̀n tàbí Òkè-Agbò, ní Àtìkórí, Òjòwò tàbí Jápárà, àti ẹni tí ó wá wo ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń gba oyè ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ayẹyẹ bá ti parí, tí owó ṣì ṣẹ́kù lápò, tí ara sì ń béèrè ìsinmi, etí òkun ni ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lọ. Erékùṣù òkèèrè tí àwòrán rẹ̀ kún ojú fóònù ni púpọ̀ nínú irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ń dárúkọ, bí ẹni pé òkun kò sí nílé. Òkun wà nílé. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní etí òkun tirẹ̀. Kò gùn rárá, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, ó sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Wọ́tásáìdì, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Abígí, níbi tí Ìjẹ̀bú ọmọ Alárẹ, Ìlàjẹ ará omi àti Ìkálẹ̀ ti jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Bí ó bá sì ṣe ilé ìgbafẹ́ olówó ńlá ni ẹ ń wá, èyí tí a ti pa gbogbo ìdẹ̀ra pọ̀ sí ojú kan, ẹ kò ní láti wọ bàálù kí ẹ tó rí i. Apá Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n pọ̀ sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ ni pé omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan yàrá. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn, láti orí ẹ̀rọ amúlétutù àti àwòrán adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí a yà lálẹ́ nígbà tí iná aláràbarà ń tàn nínú rẹ̀, a kì í sì í béèrè irú omi tí ó wà níwájú ilé náà títí ẹsẹ̀ wa yóò fi tẹ yanrìn. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀: omi ni orí ìrìn-àjò yìí, òun ni ó mú yín kúrò nílé, òun ni yóò sì pinnu bóyá àwọn ọmọ yín yóò ṣeré tàbí wọn yóò máa fi ojú lásán wo ohun tí wọn kò lè fọwọ́ kàn.

Irú omi méjì ni ó wà ní ìhà wa. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ dé Ìwópin tàbí Makún-Omi, ọ̀sà ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, kì í ṣe òkun. Ọ̀sà Lẹ́kì ni, tí ó gba ilẹ̀ tó nǹkan bí 247 kìlómítà onígun mẹ́rin, tí jíjìn rẹ̀ kò sì ju mítà mẹ́fà àti díẹ̀ lọ níbi tí ó jìn jùlọ. Odò Ọ̀ṣun, Yèyé olómi tútù tí gbogbo ayé ń lọ bọ ní Òṣogbo, ibẹ̀ ni ó ń tú dà sí, odò Ọní náà sì ń bá a pàdé níbẹ̀, ìdí nìyí tí omi ọ̀sà náà kò fi ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, tí ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà àti edé sì fi pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, àgbọn lókè, koríko nílẹ̀, omi níwájú, omi lẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá dúró lórí rẹ̀ lè sọ pé erékùṣù ni òun wà, kò sì ní purọ́ púpọ̀. Níbẹ̀ ni Òde-Omi wà, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń débẹ̀, níwájú rẹ̀ sì ni agbami Àtìláńtíìkì, ilé Olókun Sẹ̀níadé.

Ọ̀sà dákẹ́, òkun kò dákẹ́. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wa wí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, àwọn tí ó sì pa òwe yìí mọ òkun tí wọ́n ń sọ. Ìgbì tí ń bọ̀ wá bá etí òkun wa kì í ṣe ọmọ ìtòsí. Láti gúúsù òkun ńlá, níbi tí ìjì ti ń jà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa, ni ó ti gbéra, kò sì sí erékùṣù tàbí òkúta kankan nítòsí etí omi wa tí yóò dín agbára rẹ̀ kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi, etí omi náà sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìṣísẹ̀ mélòó kan péré ni yóò mú omi kúrò ní orúnkún dé àyà, nígbà tí ìgbì bá sì fọ́ tán, omi tí ń padà sẹ́yìn a máa fa ènìyàn lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń le jùlọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń bá àwọn onílé ìgbafẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ní àwọn olùṣọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, tí iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n máa ṣọ́ omi lọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta àsíá pupa nígbà tí omi bá ń bínú. Ẹ béèrè bóyá adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí etí ọ̀sà wà fún àwọn ọmọdé. Ilé ìgbafẹ́ tí ó bá fi dá yín lójú pé kò sí ewu nínú òkun òun lójoojúmọ́ ọdún, ẹ má sanwó fún un. Bí omi bá sì gbé ènìyàn, kí ó má ṣe bá a jà láti padà tààrà sí èbúté. Kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun, títí yóò fi bọ́ nínú ọwọ́ omi tí ń fà á, nígbà náà ni kí ó tó yí ojú sí ilẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kò sì gbọdọ̀ wà létí òkun yìí láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ wo ilẹ̀ etí omi náà pẹ̀lú. Láti Bàdágìrì títí kọjá ìlú Lẹ́kì àtijọ́, yanrìn funfun ni. Bí a bá sì ń lọ sí ìlà-oòrùn sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ni ó ń gba ipò rẹ̀. Àwòrán lè fi yanrìn hàn níbi tí kò ti sí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ti débẹ̀ ní ọdún yìí sọ fún yín.

Nínú àwọn ibùdó olówó ńlá, èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ ni La Campagne Tropicana ní Ìkẹ́gun, tí Ọ̀túnba Wanlé Akínbóboyè dá sílẹ̀ ní 1984. Ẹwà ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ohun tí mo sì gbé ga nípa rẹ̀ ju ilé lọ ni pé òkun wà níbẹ̀, adágún omi tí kò ní iyọ̀ wà níbẹ̀, igbó tí gbòǹgbò igi rẹ̀ ń gbé inú omi sì wà níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí òkun bá kọ̀, ọjọ́ àlejò kò bàjẹ́. Jara Beach Resort, ní ìhà Ẹlẹ́kọ̀ọ́, yàtọ̀ ní ti pé owó kan náà tí ẹ bá san ni oúnjẹ àti ohun mímu wà nínú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ máa ṣírò owó ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá béèrè omi ọsàn. Inagbe, ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ni a fi ń lọ síbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń dẹ́rù bà kò sì gbọdọ̀ dán an wò. Whispering Palms, ní Ìworò-Ajídò lẹ́bàá Bàdágìrì, etí ọ̀sà ni ó wà, mo sì máa ń dárúkọ rẹ̀ fún àwọn tí ó ní ọmọ kéékèèké tàbí òbí tí ó ti dàgbà. Ẹni tí ó bá sì ta kú pé erékùṣù tòótọ́ ni òun ń fẹ́, São Tomé wà nínú omi Gini kan náà pẹ̀lú wa, pẹ̀lú erékùṣù kékeré Rolas tí ìlà agbedeméjì ayé gba orí rẹ̀ kọjá. Kò ní láti lọ sí ìpẹ̀kun ayé.

Òde-Omi kì í ṣe irú ibi wọ̀nyí, n kò sì fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ní ni èyí tí owó kò lè kọ́: òkun gbalaja tí kò sí ògiri níwájú rẹ̀, àgbọn, àwọn apẹja tí ń fa àwọ̀n wọn, àti ẹja tí ó kúrò nínú omi láàárọ̀ tí ẹ óò jẹ lọ́sàn-án. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sùn sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ jí lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù pẹ̀lú ọmọ bíbí àdúgbò náà, kí ẹ kí baálẹ̀ tàbí ọba ìlú kí ẹ tó ya àwòrán kankan, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀nà ti pín. Ẹni tí ń lọ sí Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, kí ó gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Kí ó má jẹ́ kí awakọ̀ kankan gbé òun gba inú Èkó, nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ibẹ̀ yóò jẹ ọjọ́ kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn tírélà tí ń lọ sí ilé ìfọpo Dangote àti èbúté Lẹ́kì. Ẹni tí ń lọ sí Wọ́tásáìdì yóò gba ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin lọ sí ìhà igbó Ọmọ, níbi tí erin ṣì ń gbé, kí ó tó yà sí gúúsù sí Ìbíadé àti Abígí. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè bí òjò ti ṣe ọ̀nà náà sí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ó dára jùlọ, nígbà tí òjò ti lọ.

Ní ti ọkọ̀ ojú omi, ẹ má wọ èyí tí kò bá ní ẹ̀wù agbéfòó fún olúkúlùkù, ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ẹ má fi ṣe ìrọ̀rí. Àjọ NIWA tí ń bójú tó ojú omi ti ka ìrìn òru léèwọ̀, ó sì ní ìdí: ewéko tí ó gba apá Bàdágìrì wọ ilẹ̀ wa ní 1984 ṣì ń bo ojú ọ̀sà, ó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnì, ó sì ń bo àwọn ìtì igi mọ́lẹ̀, ojú kò sì lè rí wọn lálẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn àlejò kì í béèrè, ìyẹn ni bí ilé náà ti jìnnà sí omi tó. Ní Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí kò jìnnà sí ààlà Wọ́tásáìdì, òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé ìjọsìn, kò sì tíì dúró. Ó dun gbogbo ẹni tí ó mọ ògo ìlú náà. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Calabar bẹ̀rẹ̀ ní 2024, a wó apá kan Landmark Beach ní Èkó, bí ó ti wù kí òkìkí rẹ̀ kàn tó. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ san owó ṣáájú fún oṣù mẹ́ta sígbà tí ẹ wà, ẹ béèrè bóyá ọ̀nà náà yóò kan ibẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé tí ó fi hàn pé wọn yóò dá owó padà.

Nígbà tí omi bá ti tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ tó wá bọ́ sórí yàrá. Ẹ béèrè wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ibi tí omi wíwẹ̀ ti ń wá àti bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀, bóyá àwọ̀n ẹ̀fọn wà lójú fèrèsé, ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ibẹ̀ jùlọ, àti ohun tí owó tí wọ́n dá kò kó mọ́ra: ọkọ̀ ojú omi, ẹṣin, àti owó ìwọlé tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú owó beba dání, nítorí níbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti kọ̀, káàdì kò lè ra ẹja.

Ẹ ka oṣù pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí Ojúde Ọba bá gbòde, yàrá a máa ṣọ̀wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ ti gba tiyín sílẹ̀ ṣáájú. Ní àkókò Agẹmọ, tí ó sábà ń bọ́ sí oṣù keje, nígbà tí àwọn Ọlọ́jà mẹ́rìndínlógún bá ń lọ sí Ìmósàn, obìnrin kò gbọdọ̀ rí wọn lójú ọ̀nà. Bákan náà ni ti Orò. Àwọn ará ìlú yóò sọ ọjọ́ rẹ̀ fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹ bá béèrè, ẹ má sì dúró títí ẹ óò fi bá a pàdé.

Nígbà àbọ̀, bí ẹ bá gba Ẹ̀pẹ́, ẹ dúró ní ọjà ẹja etí ọ̀sà, ẹ ra ọ̀bọ̀kún tútù àti edé, kí ẹ sì bẹ ẹni tí ẹ óò sùn sí ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí ó fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́ dè yín, kí ó má fi ẹja sí i, ẹja ń bọ̀ lọ́nà.