Banquette: Ọ̀rọ̀ Faransé Kan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Títì New Orleans

Bí ènìyàn bá sọ fún ará Paris pé kí ó máa rìn lórí banquette, yóò wo olúwarẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ Faransé. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, banquette ni ìjókòó gbọọrọ onítìmùtìmù, irú èyí tí ń bẹ lára ògiri ilé oúnjẹ tàbí nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, trottoir ni òun ń pè é. Ṣùgbọ́n ní New Orleans, ìlú ńlá Louisiana ní Amẹ́ríkà, banquette ni àwọn àgbà ìlú ń pe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ìbáà jẹ́ Faransé ni wọ́n ń sọ, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo wá ni àga ṣe di ọ̀nà?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Banc ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ìjókòó gbọọrọ sì ni banc. Àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Faransé fi àfòmọ́ ìparí tí ń sọ nǹkan di kékeré mọ́ ọn, ó di banqueta. Láti ẹnu wọn ni Faransé ti yá a. Banc fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí inú Faransé, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́ ni ó ti wá. Ìdí igi kan náà ni bench ti hù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwa sọ di bẹ́ńṣì. Àwọn ará Ítálì náà mú un, wọ́n ń fi banca pe tábìlì tí àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ń jókòó tì. Ibẹ̀ ni banque ti wọ Faransé, tí bank wọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì délé wa ní bánkì. Ọmọ ìyá ni bẹ́ńṣì àti bánkì, ẹni tí ó bá jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú bánkì kò sì mọ̀! Banquet, tí í ṣe àsè, wà nínú ẹbí yìí pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé inú àsè ni banquette ti jáde; ìbátan ni wọ́n, kì í ṣe bàbá àti ọmọ.

Ní 1718 ni Bienville tẹ New Orleans dó lẹ́bàá odò Mississippi. Ní 1721, Adrien de Pauger, ẹnjiníà ológun, wá la àwọn òpópónà rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ púpọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ gba gbogbo títì. Wọ́n gbẹ́ kòtò omi, wọ́n sì gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi pákó tẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ yìí. Ní 1719, ọkọ̀ ojú omi méjì kó ẹrú dé Louisiana láti Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Àwọn ẹrú ni wọ́n gbẹ́ púpọ̀ nínú kòtò wọ̀nyí, tí wọ́n sì mọ òkìtì gìrìwò tí ń dí omi odò.

Nínú èdè àwọn ológun Faransé, banquette ni àtẹ̀gùn gbọọrọ inú odi, tí jagunjagun ń dúró lé láti yìnbọn kọjá orí odi. Wọ́n tún ń lò ó fún ipa ọ̀nà tí a gbé sókè lẹ́bàá odò àgbẹ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńlá. Lójú tèmi, ìtumọ̀ wọ̀nyí ni ó sún mọ́ ti New Orleans jù, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé ológun ni ó la ìlú náà. Kì í ṣe jíjókòó ni ọ̀rọ̀ náà gbé kiri bí kò ṣe ìrísí: ohun gbọọrọ tí ó ga díẹ̀, tí ó sì fara ti nǹkan mìíràn.

Nígbà tí Amẹ́ríkà ra Louisiana ní 1803, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ́ wá bá ọ̀rọ̀ Faransé méjì nílẹ̀: banquette àti levee, èyí tí í ṣe òkìtì tí ń dí omi odò. Levee dúró, ó sì tàn kọjá Louisiana. Banquette kò kúrò ní sàkání rẹ̀, ó sì ń kú lọ. Sidewalk ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ń sọ lónìí. Ó rọrùn láti sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ti ní sidewalk tẹ́lẹ̀, kò sì ní levee. Àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Àwa náà ní ilé ìfowópamọ́, síbẹ̀ bánkì ni ó gba ẹnu wa. A gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tí ń sọ̀rọ̀, àti agbára tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Louisiana ti 1921 sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Wọ́n ń jẹ ọmọ tí ó bá sọ Faransé níyà, ọ̀pọ̀ òbí sì dẹ́kun láti máa sọ ọ́ sí ọmọ wọn. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi máa dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní 1968 láti gbé Faransé dìde, ìran kan ti kọjá. Levee kò nílò ẹnu elédè Faransé mọ́ nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á tọ́. Ẹnu aládùúgbò ni banquette gbé.

Nílé níhìn-ín, street ni a sọ di títì, gutter ni a sì sọ di gọ́tà. Gutter yìí, inú Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, láti ara goutte, ìkán omi. Ìyá tí ó ń kìlọ̀ pé kí ọmọ má da ilẹ̀ sí gọ́tà ń fọ Faransé láìmọ̀. Èyí tí ó wà láàárín títì àti gọ́tà ni kò tíì ní orúkọ kan ṣoṣo lẹ́nu wa. Àwọn kan a ní ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn kan a ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń pàtẹ ọjà ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ.