Àbúrò Mi, Má Tíì Pe Oní-íńtalọ́ọ̀kì

Mo mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé yẹn ti sú ọ. Koríko ti gbà á, àkùfọ́ búlọ́ọ̀kù tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ọmọ ò sì rí ibi ṣeré. Láti ìgbà tí ìyá tó wà ní ojúlé kejì ti fi íńtalọ́ọ̀kì bo tiwọn láti ẹnu géètì dé ìdí kànga ni ọkàn rẹ ò ti balẹ̀ mọ́, tí o ń ṣírò owó àjọ.

Fi owó àjọ yẹn sílẹ̀ ná. Kọ́ǹkéré ni íńtalọ́ọ̀kì, kọ́ǹkéré a sì máa gba oòrùn sára láti àárọ̀, á sì máa tu ooru rẹ̀ jáde lálẹ́, nígbà tí ẹ bá ń wá afẹ́fẹ́. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ kò ríbi wọlẹ̀, àfi kó yà sí ilé aládùúgbò tàbí kó padà wọ yàrá yín. Èmi ò fẹ́ràn ilé tí ọmọ ò ti lè fi ẹsẹ̀ kan erùpẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Ààyè kékeré tó wà láàrin ilé àti fẹ́ǹsì yẹn lè máa bọ́ yín, kó sì dùn ún wò, láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba kọ́bọ̀. Mú ọjọ́ Sátidé kan tí o wà nílé, kí o wo ibi tí oòrùn ń dé ní àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní ìrọ̀lẹ́. Bu eérú díẹ̀, kí o fi fa ilà síbẹ̀. Ata, tòmátì, ilá àti ewédú ń fẹ́ oòrùn tó tó wákàtí 6 lójúmọ́. Bí o bá gbìn wọ́n sí abẹ́ òjìji, wọ́n á kàn máa ga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọn ò ní ṣe ọ́ lóore. Ibi tí òjìji wà náà ní tirẹ̀. Worowo tí àwọn bàbá wa ń rí lábẹ́ igi kòkó kò fẹ́ oòrùn líle, gbúre náà sì ń fara dà á.

Lẹ́yìn náà, ya ẹ̀yìnkùlé náà sí ẹ̀yìn ìwé àtijọ́ àwọn ọmọ. Kò dìgbà tí àwòrán bá rẹwà. Ṣá ti fi kànga sí i, sókàwéè, okùn tí ẹ ń sá aṣọ sí, àti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Àwọn wọ̀nyí ló máa sọ ibi tí nǹkan yòókù máa wà. Orí sókàwéè kì í ṣe ibi tí à ń gbin ẹ̀fọ́ jíjẹ, a kì í sì í gbin igi ńlá sí ìtòsí rẹ̀, torí gbòǹgbò á fọ́ ọ. Ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tí ẹ ń pọnmi níbẹ̀. Ohun tí o ń já lójoojúmọ́, ẹ̀fìrìn, ata, ewé tíì, kó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ewébẹ̀ tí ojú kì í rí, kò sẹ́ni tó ń rántí bomi rin ín.

Wàyí o, bí o bá máa náwó rárá, orí ilẹ̀ ni kí o ná an sí. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé tuntun kì í ṣe ilẹ̀ oko. Iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì tó dà sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ sì ti tẹ̀ ẹ́ le. Bí o bá gbin ẹ̀fọ́ sí i bẹ́ẹ̀, o kàn da irúgbìn nù ni. Ṣa àkùfọ́ kúrò, má dà á nù, a ó lò ó. Fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí o wá fún un lóúnjẹ. Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ilé: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹyin, ewé gbígbẹ tí o ń gbá jọ sun láràárọ̀. Jọ̀wọ́, má sun ewé mọ́. Kó gbogbo wọn jọ sí igun kan, kí gbígbẹ pọ̀ ju tútù lọ, wọ́n omi sí i, kí o sì máa fi ọkọ́ yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàrin oṣù 2 sí 3, á dúdú, á fọ́ wẹ́wẹ́, òórùn rẹ̀ á sì dà bí ti ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò. Má da egungun tàbí ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù sí i o. Èkúté ló máa pè wá.

Bí o bá mọ ẹni tó ń sin adìẹ, tọrọ ìgbẹ́ adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn pé ẹnìkan bá a kó o. Ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò. Jẹ́ kó wà nínú àpò fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí o tó pò ó mọ́ ilẹ̀. Ní ti èérún pákó tí wọ́n ń kó dànù níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tútù rẹ̀ kò dára nínú ebè, ewé á kàn máa pọ́n ni. Ojú ọ̀nà tí ẹ ń rìn ni kí o dà á sí.

Jẹ́ kí n sọ ti ewédú, torí òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin máa sọ pé ọwọ́ àwọn ò dára fún gbígbìn. Kì í ṣe ọwọ́ wọn. Èèpo hóró ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Bí o bá fọ́n ọn lásán, díẹ̀ ló máa hù. Àwọn ìyá tó ń gbìn ín tà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Bu hóró náà sínú àkísà mímọ́, so ẹnu rẹ̀, kí o gbé omi kaná. Bó bá hó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ri àkísà náà bọ inú rẹ̀, ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, yọ ọ́, kí o sì rì í bọ omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, o ti sè é nìyẹn. Sá a sí abẹ́ òjìji kó gbẹ, po iyanrìn gbígbẹ mọ́ ọn kó má bàa dà sójú kan, kí o wá fọ́n ọn sórí ebè. Ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, o ti ń já ewédú. Má fà á tu; fi ọ̀bẹ gé e, kó ku bíi sẹ̀ntímítà 15, á tún rúwé. Tẹ̀tẹ̀ ò ní wàhálà yìí rárá. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó ti dé inú ìkòkò.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta igi ewúro fún ọ. Igi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí o já ewé tí o rà lọ́jà tán, tó bá ti gbó díẹ̀, gé e, rì í mọ́ ilẹ̀, á yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbúre. Ewé tíì, yà á ní ìdí ti ọ̀rẹ́ rẹ. Úgwú ló yàtọ̀: hóró rẹ̀ tó bá ti gbẹ pátápátá kì í hù mọ́, nítorí náà ra èso tó gbó, là á, sá hóró rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí o sì gbìn ín. Bí o bá fẹ́ irúgbìn ata tàbí tòmátì tó dájú, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tí à ń pè ní NIHORT ti wà ní Ìdí-Iṣin, n'Ìbàdàn, láti 1975. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn mi kọ́kọ́ bèèrè. Omi balùwẹ̀ tó ń ṣàn lọ lásán ńkọ́? Gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan síbẹ̀, ní bí ọdún kan, ẹ ti ń dín dòdò ilé.

Bí ẹ bá ń háyà ilé, tàbí tí kọ́ǹkéré ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dé, àpò ìrẹsì àti ike ọ̀dà tó ṣófo ti tó. Lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí wọn. Àìlu ihò ló ń pa ọ̀pọ̀ ata inú ike: omi á dúró, gbòǹgbò á rà. Ọjọ́ tí ẹ bá kó kúrò, ẹ ó gbé e dání.

Kó rẹwà náà, mo gbà. Àkùfọ́ búlọ́ọ̀kù tí a ṣà lẹ́ẹ̀kan, tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ebè àti ojú ọ̀nà. Pákó kan lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ti di bẹ́ǹṣì. Táyà àtijọ́, kùn ún lọ́dà kí o fi gbin òdòdó, ṣùgbọ́n lu òun náà ní ihò kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Fi iyanrìn igun kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Lójú fẹ́ǹsì, gé pèrègún, tò ó gbìn. Kò gbówó, ó sì ń wà ní tútù yọ̀yọ̀. Àwọn kan máa ń fi làpálàpá ṣe ọgbà, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ní májèlé, mi ò sì ní gbìn ín síbi tí ọmọ kékeré wà.

Ewúrẹ́ àdúgbò ni kí o tètè wá nǹkan ṣe sí. Ọparun tàbí imọ̀ ọ̀pẹ, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya, á dá a dúró. Fún kòkòrò, gún ewé dóńgóyárò, rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, sẹ́ ẹ, fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí o fín in sí ewé nírọ̀lẹ́. Fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí o tó sè é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ láàrin èmi àtìrẹ. Má kó gbogbo èrò yìí ka ọkọ rẹ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ebè kan ni kí o kọ́kọ́ ṣe, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní fífẹ̀, 6 ní gígùn. Ọjọ́ tó bá jẹ ewédú ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni kí o wá bẹ̀ ẹ́ kó bá ọ kan bẹ́ǹṣì. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni o wà yìí, má sọ pé ó dìgbà tí òjò bá dé. Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí a kó ewé jọ, kí ìgbẹ́ adìẹ ti wà nínú àpò, kí òjò àkọ́rọ̀ lè bá ebè nílẹ̀. Bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́la, kí o ṣa àkùfọ́ yẹn kúrò.